Pẹ́dà wo ló lè mú gìtá mi bú ramúramù?

Olókùn-Mẹ́fà (Ìjẹ̀bú-Òde): Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣùgbọ́n rọ́ọ̀kì àtijọ́, ti àwọn ọdún 1970, ló wà lọ́kàn mi. Gìtá tí ohùn rẹ̀ wúwo, tó ń kù rìrì láyà ẹni kó tó dé etí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì ti kó ẹgbẹ́ jọ, a fẹ́ ṣeré lọ́sẹ̀ Ojúde Ọba tó ń bọ̀. Owó tí mo tù jọ kò lè ra ju pẹ́dà kan ṣoṣo lọ, àpótí kékeré tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà. Mo ń wo Boss DS-1, mo ń wo RAT, mo tún ń wo Big Muff. Èwo ni kí n mú?

Bọ̀dá-Rẹ́mọ (Ṣàgámù): DS-1, àbúrò. Má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Láti 1978 ló ti wà lọ́jà, aláwọ̀ ọsàn náà ló ṣì jẹ́ títí dòní. Irin ni ara rẹ̀. Tèmi ti já bọ́ lórí pèpéle lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣe é ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ tó o bá sì fẹ́ tà á, kíá ni wọ́n máa rà á lọ́wọ́ ẹ.

Ọmọ-Agọ́ (Agọ́-Ìwòyè): Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. DS-1 máa ń han èèyàn létí. Tẹ́ ẹ bá ti yí Tone rẹ̀, bọ́tìnnì tó ń mú kí ohùn mọ́lẹ̀, kọjá ìdajì, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò ni. RAT ni kó rà. Ní ìlú Kalamazoo, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ. Kò ní Tone o, Filter ló ní, òdìkejì ni ìyẹn sì ń ṣe: bẹ́ ẹ ṣe ń yí i sọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ń ṣókùnkùn sí i. Tí gain rẹ̀, bọ́tìnnì tó ń pinnu bí ohùn ṣe ń ya tó, bá wà nílẹ̀, ó kàn máa ń ta gìtá jí ni. Tẹ́ ẹ bá gbé e sókè pátápátá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di fuzz, ohùn tó ya pátápátá. Ohun tí àpótí kékeré yẹn lè ṣe pọ̀.

Bọ̀dá-Rẹ́mọ: Ta ló ní kó yí i kọjá ìdajì? Ọwọ́ tó ń yí i ló ń han yín létí, kì í ṣe pẹ́dà.

Àǹtí-Ológìtá (Ìpẹrù): Àbúrò, jẹ́ kí n sọ ti Big Muff fún ẹ, torí mo ti ní in rí. Nínú yàrá mi, tó bá ti ku èmi nìkan, ohùn yẹn nípọn bí ẹ̀kọ gbígbóná, mi ò fẹ́ kó dáwọ́ dúró. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, báàsì wọlé, ìlù òyìnbó wọlé, wọn ò gbúròó mi mọ́. Mo gbé volume sókè, ibi tí wọ́n fojú sí náà ni wọ́n fojú sí. Ìdí rẹ̀ ni pé Big Muff máa ń wa kòtò sáàárín ohùn. Ìsàlẹ̀ tó fi sílẹ̀, báàsì ti jókòó síbẹ̀. Òkè tó fi sílẹ̀, àwọn páànù ìlù ti gbà á. Àárín yẹn gan-an sì nilé gìtá. Ẹ̀yin mẹ́ta péré lẹ máa wà lórí ìtàgé, kò sí gìtá kejì tó máa dí kòtò yẹn fún ẹ. Mi ò sọ pé kò dáa o. Ti orin tó rọra ń lọ, tí gìtá nìkan gba gbogbo yàrá, kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àgbà-Ìkẹ́nnẹ́: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àríyànjiyàn. Ohun kan wà tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà. Nígbà tí Tony Iommi, atagìtá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Black Sabbath, gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní 1970, RAT kò tíì sí, DS-1 kò tíì sí. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ irin ní Birmingham, ní Ìlú Ọba, ti gé orí ìka méjì rẹ̀, ló bá ń fi nǹkan bo ìka náà, ó sì ń lo okùn tínínrín kí ó má bàa dùn ún. Àpótí kékeré tó ń ti òkè ohùn síwájú ló fi sáàárín gìtá àti amp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè. Amp náà, oní-valve ni, àwọn gíláàsì inú rẹ̀ á pọ́n bí ẹyin iná. Ibẹ̀ ni ìwúwo yẹn ti wá, àti ọwọ́. Ní Èkó níbí, ẹgbẹ́ BLO, Berkely Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu, gbé àwo tiwọn jáde ní 1973. Àwọn náà, mẹ́ta péré ni wọ́n, ohùn wọn sì kún.

Olókùn-Mẹ́fà, ìwọ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ tonic sol-fa. Tó o bá ti tẹ pẹ́dà distortion, tó ń mú ohùn ya, *do* àti *so* ni kó o tẹ̀, yọ *mi* kúrò. Tí *mi* bá wà níbẹ̀, àwọn ohùn náà á máa jà nínú ẹ̀rọ, á wá dàrú. *Do* àti *so* nìkan, á dúró bí òpó. Ìyẹn kò ná ẹ ní kọ́bọ̀.

Ọmọ-Agọ́: Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n níbo ló ti máa rí amp oní-valve? Tó bá tiẹ̀ rí i, tí gíláàsì kan bá jó níbẹ̀, ta ló máa bá a wá òmíràn? Ẹni tí kò ní irú amp yẹn gan-an ni wọ́n ṣe pẹ́dà fún.

Ẹnjiníà-Ohùn (Ìlíṣàn): Ẹ jẹ́ kí n bi í ní ìbéèrè kan. Olókùn-Mẹ́fà, inú kí lo ń ki wáyà gìtá ẹ bọ̀?

Olókùn-Mẹ́fà: Inú mixer ni sà, tààrà. Sípíkà ńlá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ló ń gbé e jáde.

Ẹnjiníà-Ohùn: Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà! Iṣẹ́ pẹ́dà wọ̀nyí kò ju pé kí wọ́n sọ ohùn gìtá di ńlá, kí wọ́n wá bẹ́ ẹ lórí pẹrẹsẹ. Nínú DS-1 àti RAT, diode méjì, ẹ̀yà iná tíntìntín, ló ń bẹ́ ẹ, ó sì ń bẹ́ ẹ fín-ín-fín. Ibi tí a bá sì ti gé nǹkan lójijì, ẹnu rẹ̀ á mú. Ẹnu mímú yẹn ló ń gún Ọmọ-Agọ́ létí. Sípíkà tí wọ́n ṣe fún gìtá, oní-ínǹṣì 12, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohùn tó bá ti kọjá nǹkan bí 5,000 Hz jáde. Ṣe ló ń sẹ́ ẹ bí ìgbà tí wọ́n ń sẹ́ ògì. Sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì ní ìwo kékeré lókè, kí ọ̀rọ̀ pásítọ̀ lè hàn ketekete. Gbogbo èérí tí asẹ́ ìbá mú, ìwo yẹn á fọn ún jáde. Ra DS-1, ra RAT, ra èyí tó wọ́n jù lọ́jà: nínú mixer yẹn, oyin tó ń kùn nínú agolo ni gbogbo wọn máa jọ.

Wá amp gìtá, bó ti wù kó gbó tó, kó ṣáà ní sípíkà oní-ínǹṣì 12. Gbé máíìkì síwájú rẹ̀, kí máíìkì wọ mixer. Gain ti amp fúnra rẹ̀, fi í sílẹ̀ nílẹ̀.

Má sì fi ṣájà kíbọọ̀dù tan pẹ́dà o. 9V ni, àárín orí wáyà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òdì, ìyẹn ni pé àmì ìyọkúrò ni wọ́n á yà sáàárín rẹ̀. Ojú mi báyìí ni ẹnìkan ṣe ki èyí tí kò bá a mu bọ̀ ọ́. Iná pupa kan tàn fìrí, òórùn ike tó ń jó tẹ̀ lé e, ó parí. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ máa lò lọ́jọ́ yẹn, fi bátìrì sínú pẹ́dà. Bí gain ṣe ń gbé gìtá sókè náà ló ń gbé ìkùnsínú jẹnẹrétọ̀ sókè.

Àǹtí-Ológìtá: Ẹ ṣeun, Ẹnjiníà. Ọdún méjì ni mo fi ń bú pẹ́dà mi lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Olókùn-Mẹ́fà: Ẹ kú àbọ̀ mi o. Mo rí amp kan ní yàrá tí a ń kó ẹrù àtijọ́ sí, ó kún fún eruku, aṣọ iwájú rẹ̀ ti ya. Mo wọ̀n ọ́n, ínǹṣì 12 ni. Bọ̀dá-Rẹ́mọ yá mi ní DS-1, Ọmọ-Agọ́ yá mi ní RAT. Lánàá, mo kọ́kọ́ ki RAT bọ mixer: oyin inú agolo gẹ́lẹ́. Mo wá ki í bọ amp, mo yí gain sí ibi tí ọwọ́ aago máa ń wà ní aago mẹ́sàn-án, Filter sí aago méjì, mo tẹ *do* àti *so*. Ilẹ̀kùn àpótí ìwé orin tó wà lẹ́yìn mi mì. Ọ̀rẹ́ mi tó ń lùlù dáwọ́ dúró, ó wò mí. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

DS-1 náà kò burú, kò han bí mo ṣe rò. Ṣùgbọ́n lórí okùn mẹ́ta òkè, tí mo bá ń dá ta, RAT sanra jù ú lọ. RAT ni mo máa rà.

Bọ̀dá-Rẹ́mọ: Tó o bá gbé Tone DS-1 sí aago mẹ́wàá ńkọ́?

Olókùn-Mẹ́fà: Aago mẹ́wàá gan-an ni mo gbé e sí, sà.

Bọ̀dá-Rẹ́mọ: Ó dáa. Má tíì dá tèmi padà. Gbé e síwájú RAT yẹn, gain nílẹ̀ pátápátá, volume lókè. Tó o bá fẹ́ dá ta, ìgbà yẹn ni kó o tó tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni kó o sọ ohun tó o gbọ́ fún mi.