Ojú Àgbò Tó Tàdí Mẹ́yìn

Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Òwe yìí ló máa ń yá wa lẹ́nu jù bí ẹnì kan bá fi nǹkan sílẹ̀ tó tún padà sídìí rẹ̀. Bí ẹ bá pa á fún Alysa Liu, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń jó lórí yìnyín, bóyá ni ẹnikẹ́ni máa bá yín jiyàn. Èmi á bá yín jiyàn díẹ̀.

Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó gba ife-ẹ̀yẹ àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ní 2019. Kò tíì sí ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó gbà á rí. Lọ́dún yẹn kan náà, ó fò sókè nínú ìdíje, ó yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo balẹ̀ lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ bàtà rẹ̀. Obìnrin Amẹ́ríkà kankan kò ṣe é rí. Ní 2020, ó tún gba ife náà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló ń bá a yan orin tó máa jó sí àti aṣọ tó máa wọ̀. Ní 2022, ó lọ sí Olympics ní Beijing, ó sì gbé àmì-ẹ̀yẹ ipò kẹta bọ̀ láti ìdíje àgbáyé ní Montpellier. Lóṣù kẹrin, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọmọ ọdún 16.

Ẹ wo àgbò dáadáa. Bó ti ń tàdí mẹ́yìn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹni tó fẹ́ kàn. Ìjà ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń lọ. Alysa ní tirẹ̀ kẹ́yìn sí ijó náà pátápátá ni. Ó rin àwọn òkè Nepal dé ẹsẹ̀ Everest, ó wọ yunifásítì UCLA láti kọ́ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá. Kò lọ mú agbára kankan wá fún ẹnikẹ́ni.

Níbẹ̀rẹ̀ 2024 ló lọ ṣeré síkì lórí òkè tí yìnyín bò. Bí ara rẹ̀ ṣe yá gágá níbẹ̀ ló mú un rántí ijó àtijọ́. Ó pe Phillip DiGuglielmo, olùkọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé òun fẹ́ padà. Olùkọ́ yẹn kọ́kọ́ gbìyànjú láti yí i lérò padà ni! (Ìwọ̀nba olùkọ́ ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí irú ọmọ yìí bá pè é.) Ó padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àdéhùn: òun ló máa yan orin, òun ló máa sọ irú aṣọ tó wu òun, kò sì sẹ́ni tó máa pàṣẹ oúnjẹ fún òun. Arthur, bàbá rẹ̀, agbẹjọ́rò tó ti ń darí eré náà láti kékeré ọmọ, kò sí nídìí àṣẹ mọ́.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí bá mi dúró sí. Ọ̀pọ̀ wa máa gbà kí ọmọ sinmi, bó bá ṣáà ti ṣèlérí pé òun á padà. Lóṣooṣù la óò máa bi í léèrè pé ṣé ó ti tó. Okùn ṣì wà lọ́rùn àgbò yẹn. Ọmọ tí a ń ṣọ́ báyìí kò lè mọ̀ bóyá eré náà ló wu òun tàbí ojú wa ni òun ń wò.

Ní Boston, lóṣù kẹta 2025, Alysa di ọ̀gá àgbáyé, obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ láti 2006. Ní Milan, lóṣù kejì 2026, ó gba góòlù Olympics, èyí tí obìnrin Amẹ́ríkà kankan kò tíì dá gbà nínú ijó yìnyín láti 2002. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyẹn ti òwe náà lẹ́yìn, mo yọ̀ǹda fún un. Ìbéèrè tèmi ni pé, ká ní ó jókòó sí UCLA, tí kò padà mọ́ láéláé, òwe wo la bá pa fún un?