Kì í ṣe fèrèsé ló bàjẹ́, irin ara rẹ̀ ni

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé bí fèrèsé onígíláàsì méjì bá ti ń gba atẹ́gùn wọlé, tí kò tì dáadáa mọ́, tàbí tí ìrì bá ń sẹ̀ sáàárín gíláàsì rẹ̀, ó ti parí nìyẹn: kí wọ́n hú u tòun ti férémù, kí wọ́n ra òmíràn. Irọ́ ni. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Férémù ike tàbí ti àlùmíníọ̀mù tí wọ́n ṣe dáadáa máa ń pẹ́ ju gbogbo ohun tí wọ́n dè mọ́ ọn lọ. Ohun tó ń gbó ni hínjì, háńdù, gíábọ́ọ̀sì inú ìtìpa (àpótí kékeré tí háńdù ń yí), rọ́bà, àti gíláàsì méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Gbogbo wọn ló ṣeé yọ, tó sì ṣeé pààrọ̀, láìhú férémù kúrò lára ògiri.

A mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ń wá. Bí fèrèsé bá wà ní títì, háńdù àti gíláàsì nìkan lojú ń rí. Irin tó ń dá wàhálà sílẹ̀ fara pamọ́ sáàárín férémù àti ìlẹ̀kùn fèrèsé (apá tó ń ṣí, tó ń tì), nítorí náà odindi fèrèsé ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Ẹni tó ń ta odindi fèrèsé kò sì ní ìdí tí yóò fi sọ fún yín pé irin pẹlẹbẹ méjì ló fa gbogbo rẹ̀.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mú ìwé pélébé kan, ẹ fi há àárín ìlẹ̀kùn àti férémù, ẹ ti fèrèsé pa, kí ẹ wá fà á. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yíká, ní nǹkan bí ibi mẹ́jọ. Bó bá yọ wẹ́rẹ́ níhà ibi tí hínjì wà, hínjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ níhà háńdù, ìtìpa ni. Bó bá yọ wẹ́rẹ́ yíká, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà ti kú.

Hínjì fèrèsé ike kò dà bíi ti ilẹ̀kùn yàrá. Irin pẹlẹbẹ méjì tó ń ká, tó ń nà, bí àlùmọ́gàjí ni. Friction stay ni wọ́n ń pè é. Apá kan wà lára férémù, apá kejì wà lára ìlẹ̀kùn, ike kékeré kan sì ń rìn nínú ojú ọ̀nà rẹ̀. Ìfúnra ike yẹn ló ń jẹ́ kí fèrèsé dúró síbi tí ẹ bá ṣí i dé. Eruku àti iyanrìn ń jẹ ẹ́, oríkèé irin náà ń tú díẹ̀díẹ̀, ìlẹ̀kùn á wá sọ̀ kalẹ̀ ní igun kan, á máa ha férémù. Bí kò bá tíì jìnnà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ojú ọ̀nà náà mọ́, ẹ kán epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fún síkúrù kékeré tó wà lára ike tó ń rìn náà le sí i ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo. Ẹ má fi epo kan ike yẹn. Bí ẹ bá fi epo sí i, ìfúnra ti lọ, atẹ́gùn ni yóò máa bá yín ṣí fèrèsé, tí yóò máa bá yín pa á dé.

Bó bá gba pípààrọ̀, ohun mẹ́ta ni kí ẹ mọ̀. Èkíní ni gígùn apá tó wà lára férémù. Íǹṣì 8, 10, 12, 16, 20 àti 24 ló wọ́pọ̀. Èkejì ni bóyá òkè ni wọ́n ti so fèrèsé náà tàbí ẹ̀gbẹ́, nítorí irin méjèèjì kò ṣiṣẹ́ bákan náà, ẹ ò sì lè fi ọ̀kan dípò èkejì. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn èèyàn kì í rántí: gíga irin náà nígbà tó bá ká tán. Mìlímítà 13 àti 17 ni méjì tó wọ́pọ̀. Bí ẹ bá fi 17 síbi tí 13 wà, ìlẹ̀kùn kò ní wọlé. Bí ẹ bá fi 13 síbi tí 17 wà, àlàfo mìlímítà 4 ti ṣẹ́ kù nìyẹn, atẹ́gùn á máa gbabẹ̀ wọlé. Àwọn kan á tún ní fèrèsé ló tẹ̀.

Bí fèrèsé náà bá jẹ́ èyí tí èèyàn lè gbà jáde bí iná bá ṣẹlẹ̀, irú hínjì tó ń ṣí gbayawu ni kí ẹ fi dá a padà. Bó bá sì wà nítòsí òkun, ẹ wá irin tí kì í dípatà irú 304, torí irú 430 ń dípatà níbi tí afẹ́fẹ́ iyọ̀ bá wà. Òòfà lẹ fi máa dá wọn mọ̀: ó ń lẹ̀ mọ́ 430 pinpin, ṣùgbọ́n agbára káká ni yóò fi lẹ̀ mọ́ 304.

Èèyàn méjì ni iṣẹ́ yìí gbà, torí gíláàsì méjì wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Kí ẹnì kan di ìlẹ̀kùn mú, kí èkejì tú síkúrù tó wà lára rẹ̀. Ẹ gbé e sórí aṣọ nípọn nílẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí irin àtijọ́ parí sí kí ẹ tó yọ ọ́, kí tuntun lè bọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì pa pọ̀, àní bó bá jẹ́ ọ̀kan ló bàjẹ́. Síkúrù mìlímítà 4.3 ló wọ́pọ̀. Bí ihò bá ti fẹ̀, ẹ lo 4.8, ẹ má wulẹ̀ fi èyí tó gùn jù sí i, torí ẹnu rẹ̀ lè débi etí gíláàsì kó sì là á.

Ní ti ìtìpa: bí háńdù bá ń yí lásán tàbí tó le bí òkúta, ẹ yọ ọ́ kúrò. Síkúrù méjì ló dì í mú, wọ́n sábà máa ń jìnnà síra ní mìlímítà 43, irin onígun mẹ́rin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 7. Ẹ ki irin náà bọ ihò, kí ẹ fi ẹ̀mú yí i. Bí àwọn ìdè tó lórí bí olú létí ìlẹ̀kùn bá rìn dáadáa, háńdù nìkan ló bàjẹ́. Ẹ ra òmíràn tí irin ẹ̀yìn rẹ̀ gùn bákan náà, torí èyí tó bá kúrú á máa yí lásán, èyí tó bá gùn jù ò sì ní jẹ́ kí háńdù jókòó.

Bí olú ò bá rìn, gíábọ́ọ̀sì ni. Ẹ gbé èyí tó bàjẹ́ súnmọ́ ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo igun ihò onígun mẹ́rin àárín rẹ̀: ẹ máa ń rí ibi tó ti là níbẹ̀, inú rẹ̀ á rí bí eérú, ó rí hóróhóró. Síńkì tí wọ́n dà ni, kò lè tẹ̀, fífọ́ ló mọ̀. Ohun tó fọ́ ọ ni pé ìlẹ̀kùn ti sọ̀ kalẹ̀, olú ò bá ihò tí wọ́n ń há sí lára férémù dọ́gba mọ́, onílé wá ń fi tipátipá yí háńdù. Nítorí náà, ẹni tó bá pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì láìtún hínjì ṣe máa tún ra gíábọ́ọ̀sì láìpẹ́. Ìwọ̀n tó ṣe pàtàkì ni láti ojú irin pẹlẹbẹ ìtìpa dé àárín ihò háńdù. 20 tàbí 22 ló sábà máa ń jẹ́, mìlímítà méjì yẹn sì ti tó láti jẹ́ kí háńdù kọ̀ láti wọlé.

Bí gíábọ́ọ̀sì bá bàjẹ́ nígbà tí fèrèsé wà ní títì, ẹ má fi irin tì í láti ìta, igun férémù tí wọ́n jó pọ̀ lè là. Kí ẹnì kan fi àtẹ́lẹwọ́ fún ìlẹ̀kùn mọ́ férémù ní ọ̀gangan olú, kí èkejì máa fi ẹ̀mú yí irin onígun mẹ́rin inú ihò háńdù lọ-bọ̀, jẹ́jẹ́.

Rọ́bà ò ní wàhálà. Kí ẹ tó ra á, ẹ kọ́kọ́ yí olú wò: púpọ̀ nínú wọn ni ihò wọn ò sí láàárín gan-an, tí ẹ bá fi kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà mìlímítà 4 yí i díẹ̀, ìlẹ̀kùn á súnmọ́ férémù sí i. Bí rọ́bà bá ti pẹlẹbẹ pátápátá, ẹ gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fi ra irú rẹ̀. Ẹ má nà án bí ẹ ti ń ki í bọlé, torí á súnkì padà, á sì ṣí sílẹ̀ ní igun.

Ó wá ku ìrì, èyí tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù. Bó bá wà lójú gíláàsì níhà inú yàrá, omi inú afẹ́fẹ́ yàrá ló pọ̀. Ẹ ṣí fèrèsé fún un. Bó bá wà níhà ìta láàárọ̀ kùtù, àmì pé gíláàsì náà ń dá ooru dúró dáadáa ni. Èyí tó wà láàárín gíláàsì méjèèjì, tí ọwọ́ ò lè nù, nìkan ló jẹ́ ìbàjẹ́. Nínú ọ̀pá tó ya gíláàsì méjèèjì sọ́tọ̀ ni àwọn hóró kéékèèké tó ń fa omi mu wà. Bí gọ́ọ̀mù etí bá là, omi á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, àwọn hóró náà á mu ún yó, ìrì á bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń lu ihò sí gíláàsì náà láti fi gbẹ ẹ́. Ó lè mọ́ lójú fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tó là kò padà lẹ̀, bí gáàsì argon (tí wọ́n ń fi sáàárín gíláàsì méjì láti dá ooru dúró) bá sì wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti lọ.

Gíláàsì nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ líle yọ ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó dì í mú. Àárín èyí tó gùn jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti ń tẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dá wọn padà, kí èyí tó kúrú kọ́kọ́ wọlé. Gíláàsì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wọn, ìbú kí ó tó kan gíga, kí ẹ sì wọn bó ṣe nípọn: mìlímítà 24 àti 28 wọ́pọ̀. Bí àmì bá wà ní igun rẹ̀ pé wọ́n ti fi ooru mú un le, irú bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ fi rọ́pò. Kò ṣeé gé mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú un le, nítorí náà àṣìṣe ìwọ̀n kò ní àtúnṣe.

Nínú ìlẹ̀kùn tí wọ́n so láti ẹ̀gbẹ́, àwọn ike pẹlẹbẹ tó gbé gíláàsì ró kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi há ibi tó bá wù yín. Kí ọ̀kan wà nísàlẹ̀ níhà hínjì, kí èkejì wà lókè níhà háńdù, kí gíláàsì lè fi ìdábùú gbé ìlẹ̀kùn ró. Ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kùn tó sọ̀ kalẹ̀ ló jẹ́ pé àwọn ike yìí nìkan ló yẹ̀, hínjì wọn ò ní nǹkan kan.

Òótọ́ ni pé férémù míì wà tó ti parí: èyí tí igun rẹ̀ tí wọ́n jó pọ̀ ti là, èyí tó ti tẹ̀, èyí tí irin inú rẹ̀ ti dípatà títí tó fi wú. Ìwọ̀nyẹn nìkan ni kí ẹ hú.

Kí ẹ tó gbé gíláàsì tuntun wọlé, ẹ bu ife omi kan dà sí kòtò ìsàlẹ̀ férémù. Bí kò bá jáde níta láàárín ìṣẹ́jú kan, ihò ìdomi ti dí, ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tú u. Omi tó dúró síbẹ̀ ló ń jẹ gọ́ọ̀mù etí gíláàsì.