Ṣúgà kọ́ ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí

Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn kò tíì sọ fún rí pé kó rọra jẹ ṣúgà, kí jẹ̀díjẹ̀dí má baà mú un. Ọmọdé bu ṣúgà sínú gààrí, ìyá rẹ̀ pariwo. Àgbàlagbà mu mínírà méjì tẹ̀ léra, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó yáa wá nǹkan kíkorò mu lé e. Ẹ dé gáréèjì ọkọ̀ láàárọ̀, ní Ìbàdàn tàbí l'Ékòó, ẹ ó bá ìgò alágbo tí wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ: ti ibà lọ́tọ̀, ti ọpa ẹ̀yìn lọ́tọ̀, ti jẹ̀dí lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu wa débi pé a kì í bèèrè mọ́ bóyá òótọ́ ni. Kì í ṣe òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ṣúgà láti ẹnu. Bó bá ti dé ìfun kékeré, tó gùn tó nǹkan bíi mítà 6, ara á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì fà á mu níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìfun ńlá ṣì wà níwájú, mítà kan ààbọ̀, kí ohun tó ṣẹ́kù tó dé ìdí. Ṣúgà tí a bù sínú gààrí kì í bá wọn débẹ̀. Ẹ̀bà àti àmàlà gan-an, inú ìfun kékeré yìí ni wọ́n ti ń di ṣúgà kí ẹ̀jẹ̀ tó gbà wọ́n. Bó bá jẹ́ ṣúgà ló ń fa jẹ̀dí, àwa tí a ń jẹ ẹ̀bà lójoojúmọ́ ni ì bá kọ́kọ́ mú.

Ìdí fúnra rẹ̀ ló yẹ ká mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì wá láti dárúkọ rẹ̀. Egungun méjì lèèyàn fi ń jókòó, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Láti ara wọn lọ síwájú dé egungun abẹ́ ikùn, àti sẹ́yìn dé ṣóńṣó ìsàlẹ̀ egungun ẹ̀yìn, gbogbo ohun tó wà láàárín pín sí ọ̀nà méjì. Iwájú ni ojú ara àti ọ̀nà ìtọ̀ wà, ẹ̀yìn ni ihò ìdí wà, ibi kékeré kan tó le, tí ọ̀pọ̀ iṣan ti so kọ́ra, sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ló máa ń ya nígbà mìíràn tí obìnrin bá ń bímọ.

Ihò ìdí kì í ṣe ihò lásán. Ọ̀nà kan ni, ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4, iṣan méjì ló sì yí i po. Ti inú ń fún ara rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wa, kódà bí a bá sùn. Ti ìta la fi ń mú un mọ́ra nígbà tí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n wá nínú ọkọ̀. Síbẹ̀, iṣan méjèèjì kò lè dí i pa pátápátá. Tìmùtìmù mẹ́ta ló ń bá wọn parí iṣẹ́, ọ̀kan lápá òsì, méjì lápá ọ̀tún: ẹran rírọ̀ ni wọ́n, iṣan ẹ̀jẹ̀ ló kún inú wọn, wọ́n sì ń wú díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ àti omi má baà jò. Gbogbo wa la bí wọn mọ́. Ní 1975, W. H. F. Thomson, oníṣẹ́ abẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé pé jẹ̀dí kì í ṣe nǹkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù sí ìdí. Àwọn tìmùtìmù yìí ló kúrò láàyè wọn, tí wọ́n yọ́ wá sísàlẹ̀. Ohun tó so wọ́n mọ́ ara ti dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kó sínú wọn, ìgbẹ́ líle ń họ wọ́n lára bó ṣe ń kọjá, wọ́n sì ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ìlà kan tún wà nínú ọ̀nà yìí. Òkè rẹ̀ kì í mọ ìrora bí awọ ara ti í mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí jẹ̀dí inú, èyí tó wà lókè ìlà náà, mú fi lè rí ẹ̀jẹ̀ pupa yòò láìsí ìrora kankan, nígbà tí ẹni tí jẹ̀dí ìta, èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mú lè máà lè jókòó.

Kí ló wá ń tì wọ́n wálẹ̀? Fífipá yàgbẹ́ ni olórí wọn, àti àìrígbẹ́yà, oyún, ọjọ́ orí, àti jíjókòó pẹ́ nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Boston lára àgbàlagbà 125, tó jáde ní 2025, rí i pé àwọn tó ń mú fóònù wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní jẹ̀dí ju àwọn tí kì í mú un wọlé lọ.

Ti àìrígbẹ́yà yìí, inú ìkòkò wa ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń ṣe ògì, a ó rẹ ọkà, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó da èérí fún ewúrẹ́. Inú èérí yẹn ni fáíbà tó ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀ wà. A bó èèpo ẹ̀wà dànù kí a tó dín àkàrà. Ọsàn, omi rẹ̀ la ń fà mu, a ju ẹran inú rẹ̀ nù. Bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa jẹ fáíbà gíráàmù 25, ó kéré tán, lóòjọ́. Jẹ̀dí lè mú ẹni tó ń fi búrẹ́dì àti mínírà gbádùn lójoojúmọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ ló ṣe é: ẹ̀fọ́, ẹ̀wà olóèèpo, èso, àti omi tí kò mu tó.

Ìgbàgbọ́ yìí kò tíì kú nítorí pé àìsàn mẹ́rin-márùn-ún la kó sábẹ́ orúkọ kan. Ọmọ tó ń họ ìdí lóru, kòkòrò wẹẹrẹ funfun tó ń jáde wá yé ẹyin sẹ́bàá ihò ìdí ló sábà máa ń dà á láàmú, oògùn aràn ló sì nílò. Ẹni tí inú ń run tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ pẹ̀lú ikun lè ti kó kòkòrò àìfojúrí nínú omi tàbí oúnjẹ tó dọ̀tí. Gbogbo wọn la ń pè ní jẹ̀dí, ṣúgà la sì ń dá lẹ́bi.

Mi ò sọ pé àgbo kì í ṣe nǹkan kan. Ewé àsúnwọ̀n òyìnbó máa ń mú kí ìgbẹ́ yọ, ara á sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n jẹ̀dí tó wú sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, àgbo tí a ń mu lọ́wọ́ ló sì ń gba ìyìn. Èyí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, tí awakọ̀ ń gbé mì kó tó di sítíárìn mú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá wọn lẹ́kun. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ń pa èrò ọkọ̀.

Wọ́n tún ní jẹ̀dí ló ń sọ ọkùnrin di aláìlágbára lórí ibùsùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ tìmùtìmù inú ìdí ń gba ara ìfun lọ sí ẹ̀dọ̀. Nǹkan ọkùnrin ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ bá ń kọ̀ láti dìde, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wò. Níbẹ̀ gan-an ni mínírà àmujù ti lè lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn náà.

Ẹ̀jẹ̀ ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà máa ń ṣẹ̀jẹ̀, kì í sì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn wa ń fi oṣù, ń fi ọdún, mu àgbo jẹ̀dí sí i, nígbà tí wọ́n á fi dé ilé ìwòsàn, ó ti tàn. Ẹ̀jẹ̀ tó pò mọ́ ìgbẹ́, ìgbẹ́ tí kò rí bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀ mọ́, kó máa ṣe èèyàn bíi pé ìgbẹ́ kò tán nínú, kí ara máa rù láìnídìí: ẹ má fi ọ̀kankan nínú wọn falẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lásán gan-an tó àyẹ̀wò.

Àyẹ̀wò náà kò pẹ́. Ẹ ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ẹ ó ká orúnkún sí àyà, dókítà á wọ ìbọ̀wọ́, á fi nǹkan yíyọ̀ pa ìka kan, á fi yẹ inú ihò ìdí wò. Ó lè tún fi ọ̀pá kúkúrú kan tó ń tan iná wo ojú ibẹ̀. Bó bá jẹ́ jẹ̀dí inú ló ń ṣẹ̀jẹ̀, tí oúnjẹ àti omi kò sì káwọ́ rẹ̀, wọ́n lè fi rọ́bà kékeré so ó lọ́rùn lókè ìlà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, níbi tí ìrora kò ti pọ̀, á sì gbẹ, á já bọ́ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.