Lílé ni wọ́n lé wọn
Ìròyìn kan tí mo kà sọ pé ilẹ̀ ọlọ́ràá ni àwọn Mormon (àwọn ọmọ ìjọ kan tí Joseph Smith dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà) ń wá lọ sí ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n lílé ni wọ́n lé wọn. Ní 1838, gómìnà ìpínlẹ̀ Missouri pàṣẹ pé kí wọ́n lé wọn jáde tàbí kí wọ́n pa wọ́n run. Ní 1844, àwọn jàǹdùkú yìnbọn pa Joseph Smith, olórí wọn, nínú ẹ̀wọ̀n ní ìlú Carthage, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ ni ti William Clayton, ọ̀kan lára àwọn Mormon tó rin ìrìn àjò náà, ẹni tó so aṣọ pupa mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù, tó sì ń ka iye ìgbà tó yí (iṣẹ́ tó ń súni nìyẹn!) kó lè mọ bí wọ́n ṣe rìn jìnnà tó, nítorí pé ìyípo 360 ló jẹ́ máìlì kan. Nígbà tí wọ́n dé àfonífojì Salt Lake, ní ibi tó ń jẹ́ ìpínlẹ̀ Utah lónìí, ní oṣù Keje 1847, ilẹ̀ náà gbẹ débi pé wọ́n ní láti darí omi odò sí i kí wọ́n tó gbin ọ̀dùnkún.