Ká má fi kékeré nìkan wọn kọ̀ǹpútà àpò
Àpilẹ̀kọ kan tí mo kà sọ pé nínú àwọn kọ̀ǹpútà àpò, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ṣeé mú rìn, èyí tó bá kéré jù ló wúlò jù. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ wo méjì nínú wọn. Palm V ti ọdún 1999 ò ju nǹkan bíi gíráàmù 115 lọ, àpò ṣẹ́ẹ̀tì gbà á wẹ́kú, àmọ́ kò ní kíbọọ̀dù: lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lẹ ó máa fi kálàmù rẹ̀ fà. Kíkọ nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ ló dára fún. Èkejì, Psion Series 5 ti 1997, wúwo tó gíráàmù 354, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ṣí i, kíbọọ̀dù á yọ síwájú, ojú rẹ̀ á fẹ̀yìn ti bátìrì, kò ní ṣubú bẹ́ ẹ ti ń tẹ̀wé. Wáyà pẹlẹbẹ inú rẹ̀, tó so ojú rẹ̀ mọ́ ìyókù, ni wàhálà, ṣíṣí àti pípadé ló ń gé e. Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù, kó tàn án, kó rọra máa ṣí i, kó máa pa á dé, kó wò ó bóyá ìlà á yọ lójú rẹ̀.