Ta ló sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà kì í ṣi ìṣirò ṣe?

Àbúrò mi kan tó ń kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ló tún gbé e dé lánàá: "Ẹ̀gbọ́n, Jupyter ló gbé e jáde o, kì í ṣe èmi. Kọ̀ǹpútà kì í ṣi ìṣirò ṣe." Jupyter ni ìwé orí kọ̀ǹpútà tó ti ń kọ Python rẹ̀. Owó èlé ló ń bá ìyá rẹ̀ ṣírò: ₦100,000, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ọdún kan péré. Nǹkan bíi ₦133,100 ló jáde. Ó sì ń bá mi jiyàn lé e lórí!

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹ ṣí Python yín báyìí, ẹ kọ 0.1 + 0.2 síbẹ̀. Ẹ ò ní rí 0.3. 0.30000000000000004 lẹ máa rí, kọ̀ǹpútà yín ò sì bàjẹ́. Bí àwọn baba wa ṣe ń kà ní ogún-ogún, méjì-méjì ni kọ̀ǹpútà ń kà tiẹ̀. Nínú irú kíkà bẹ́ẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá kì í lópin, bí 0.333 tí ẹ bá ń fi pín ẹyọ kan sọ́nà mẹ́ta. Níbi tí àyè bá ti tán, á gé e síbẹ̀.

Gígé yẹn ti dá ẹ̀mí légbodò rí. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1991, ní Dhahran ní Saudi Arabia, Patriot, ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbójú lé láti já ohun ìjà lójú ọ̀run, kò rí ohun ìjà Scud tí Iraq jù mú. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni aago rẹ̀ fi ń ka àkókò. Ó ti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí 100 wákàtí láìsinmi, àṣìṣe bíńtín yẹn sì ti gorí ara wọn di nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Ọmọ ogun 28 ló kú.

Ẹ má wá sọ fún mi pé báńkì ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò. Báńkì ní ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò. Mo gbà pé lọ́pọ̀ ìgbà irú àṣìṣe yìí kò tó nǹkan, SymPy, irinṣẹ́ ìṣirò kan nínú Python, sì lè fi 1/10 sílẹ̀ bó ṣe wà láì gé e. Ó tán.

Ti àbúrò mi tún burú jù. Inú àpótí kéékèèké tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń kọ àṣẹ sí nínú Jupyter. Sẹ́ẹ̀lì kejì rẹ̀ ni owo = owo * 1.1, ìyẹn ni pé kó sọ owó di ìlọ́po 1.1, ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Èlé ń gun orí èlé, kọ̀ǹpútà ò bi í léèrè. Nọ́ńbà tó ń sọ iye ìgbà tí wọ́n ti tẹ sẹ́ẹ̀lì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ẹ̀lì yẹn, [4] ni dípò [2], ṣùgbọ́n ta ló ń wo ibẹ̀? Èmi náà ti jìn sí ọ̀fìn yìí: mo pa sẹ́ẹ̀lì kan rẹ́, iṣẹ́ ṣì ń lọ geere, torí ẹ̀rọ ò tíì gbàgbé ohun tó wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, tí mo tún un ṣí níwájú àwọn èèyàn, NameError: ẹ̀rọ ní òun ò mọ orúkọ tí mo ń pè. Ojú tì mí.

Mo ní kí àbúrò mi tẹ Restart, kí ẹ̀rọ lè gbàgbé gbogbo ohun tó ti ṣe, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ohun tó jáde ni 110000.00000000001. Ìyá rẹ̀ ti fi bírò kọ 110,000 sẹ́yìn kàlẹ́ńdà láti àárọ̀.