Ẹyin ló ṣáájú adìyẹ, ẹ yéé fi pa wá lẹ́nu mọ́

Ó tún ṣẹlẹ̀ lánàá. Ọ̀rẹ́ wa kan ń ṣàròyé pé òun kì í rí oorun sùn lóru, òun á wá máa tẹ fóònù, fóònù yẹn náà ni ò sì jẹ́ kóun sùn. Bí bọ̀dá kan ṣe dá sí i nìyẹn, "ọ̀rọ̀ ẹyin àti adìyẹ ni, kò sẹ́ni tó mọ èwo ló ṣáájú", ni gbogbo wọn bá mirí, ọ̀rọ̀ parí. Inú bí mi gan-an.

Ta ló ní a ò mọ̀? Ẹyin ló ṣáájú! Ó ti lé ní 300 mílíọ̀nù ọdún tí àwọn ẹranko ti ń yé ẹyin sórí ilẹ̀ gbígbẹ, adìyẹ tí gbogbo yín ń pariwo ẹ̀ yìí, ẹyẹ igbó ni ní apá gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà káwọn èèyàn tó sọ ọ́ di ẹran ọ̀sìn, kò sì tíì tó 10,000 ọdún. Ní 1923 wọ́n rí ẹyin dáínósọ̀ tó ti di òkúta ní aṣálẹ̀ Gobi ní Mòǹgólíà, adìyẹ wo ló yé ìyẹn?

Wọ́n á ní ẹyin adìyẹ gan-an làwọn ń sọ. Ẹyin náà ṣì ni. Ẹyẹ kan ò lè dàgbà tán kó wá yíra padà di ẹyẹ míì, irú ẹyẹ tó jẹ́ nígbà tó jáde látinú ẹyin náà ló máa jẹ́ títí á fi kú. Inú ẹyin, níbi tí ohun tó wá látara akọ àti èyí tó wá látara abo ti pàdé, ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ àti òbí ti ń wọlé. Ẹyẹ tó kù díẹ̀ kó jẹ́ adìyẹ ló yé ẹyin tí adìyẹ ti jáde. Ó dáa, mo gbà pé díẹ̀díẹ̀ ni, kò sí ọjọ́ kan pàtó tá a lè nàka sí, àmọ́ ìyẹn ò sọ adìyẹ di àkọ́bí. Àwọn tó ń gbé ìròyìn 2010 kiri, pé adìyẹ ló ṣáájú torí pé ara adìyẹ nìkan ni puròtéènì kan tó ń mú èèpo ẹyin le ti ń wá, ẹ sinmi, àwọn ẹyẹ míì náà ní irú ẹ̀.

Ohun tó wá ń dùn mí jù ni báwọn èèyàn ṣe ń lo ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé nǹkan méjì ń ti ara wọn lẹ́yìn, eléyìí ń fa tọ̀hún, tọ̀hún ń fa eléyìí. Kò túmọ̀ sí pé ká káwọ́ gbera. Ibi tọ́wọ́ bá tó ni kéèyàn ti gé e! Èmi náà ti wà nínú àìsùn yẹn rí, mi ò wádìí èwo ló bẹ̀rẹ̀, mo kàn ń fi fóònù sílẹ̀ ní pálọ̀ tí mo bá fẹ́ sùn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le o. Lọ́sẹ̀ kejì, oorun dé.